Ikọ́ Tí Mo Fi Ń Dá Àbúrò Mi Lóhùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó, kí ẹ sì jókòó jẹ́jẹ́. Ta ni ó ń gún nǹkan lẹ́yìn ilé yẹn? Ẹ bá mi sọ fún un kí ó gbé ọmọ odó sílẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí n dìde lọ bá a, nítorí bí mo bá fi orúnkún tí ó ń dùn mí yìí dìde, ọ̀rọ̀ tí n óò sọ kò ní dùn gbọ́ létí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ lọ́wọ́, ẹ fún wọn lọ́mú. Mo fẹ́ kí agbo ilé yìí pa rọ́rọ́ ní àárọ̀ yìí, nítorí ohun kan wà tí etí mi ń retí láti inú yàrá tí ó wà lẹ́yìn mi, n óò sì sọ ohun náà fún yín kí a tó túká. Ẹ má tíì bi mí. Bí ọdẹ bá kọ́kọ́ fi awọ ẹran han àwọn ará ilé, ta ni yóò tún ní sùúrù láti gbọ́ bí ó ṣe pa á?

Èmi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ bíbí abúlé Àpáta-Ẹfọ̀n yìí. Mo ti lò ju ogójì ọdún lọ nínú igbó, mo ti rí ohun tí ó ní ìwo níbi tí ìwo kò yẹ kí ó wà, mo ti bá ohun tí kò ní ẹsẹ̀ sáré, ó sì sáré jù mí lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó bí mi nínú bí ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí ti bí mi nínú. Inú ṣì ń bí mi di òní. Ẹni tí inú ń bí mi sí kò sì jìnnà, ẹ̀wù rẹ̀ ni mo wọ̀ sọ́rùn yìí, fìlà rẹ̀ ni mo dé.

Kí bàbá wa tó kú, wọ́n kọ́ èmi àti àbúrò mi ní iṣẹ́ ọdẹ, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ wa kò kan ìbọn rárá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun mẹ́ta ni ọdẹ ń pa kí ó tó pa ẹran: ó ń pa ìró, ó ń pa àwọ̀, ó sì ń pa ọ̀rọ̀." Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ ohun tí ó wà nínú igbó ju igi ìdáná lọ. Ṣaworo tí a ń so mọ́ ọrùn ajá wa a máa dún wọro-wọro kí a má bàa sọ ajá nù, ṣùgbọ́n bí a bá ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹran, a ó já ewé tútù, a ó fi dí ṣaworo náà lẹ́nu, yóò sì dákẹ́. Ìyẹn ni pípa ìró. Aṣọ ọdẹ kò gbọdọ̀ tàn, nítorí náà ìyá wa, Àwẹ̀ró, tí wọ́n jẹ́ aláró, a máa ki aṣọ wa tuntun bọ inú omi aró tí agbára rẹ̀ ti tán, wọn a tún fi omi èèpo igi kùn ún, títí yóò fi rí bí ewé gbígbẹ. Ìyẹn ni pípa àwọ̀. Ṣùgbọ́n wọn a rán ọ̀já pupa kan tí kò fẹ̀ ju ìka lọ sí abẹ́ etí aṣọ náà níbi tí ojú kò tó, kí ó lè jẹ́ pé bí ọdẹ méjì bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn nínú igbó dídí, ọ̀kan yóò ṣí etí aṣọ rẹ̀ sókè, èkejì yóò rí pupa, yóò sì mọ̀ pé ènìyàn ni, kò ní yìnbọn. Ní ti pípa ọ̀rọ̀, ọdẹ kì í pe orúkọ ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó, nítorí etí tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a lè rí lọ.

Lẹ́yìn náà ni bàbá wa na ìka sí èmi tí mo jẹ́ àgbà, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí o pa nínú igbó tí kì í ṣe ẹran, o gbọ́dọ̀ jí i kí o tó wọlé. Bí o bá ti dé ẹ̀yìn odi, yọ ewé kúrò lẹ́nu ṣaworo, bọ́ aṣọ igbó, kí o sì kí ènìyàn." Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Etí mi ni ó gbọ́, ọkàn mi wà lára ìbọn tuntun tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Orúkọ àbúrò mi ni Ọdẹ́jìnmí, Àjàgbé ni oríkì tí ìyá wa fi ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìjálá rẹ̀ nígbà náà, ẹ jẹ́rìí mi: bí Àjàgbé bá sun ìjálá ní òkè odò, ẹni tí ó ń fọ aṣọ ní ìsàlẹ̀ odò a gbàgbé ọṣẹ sínú omi. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni orí ẹfọ̀n. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ọta ìbọn rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba ẹran ni ó ni orí rẹ̀, ẹni tí ó bá parí rẹ̀ ni yóò gba itan. Àwa méjèèjì yìnbọn pọ̀, ìró rẹ̀ sì dà bí ẹyọ kan. Mo ní tèmi ni ó kọ́kọ́ bà á. Àjàgbé rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, tèmi ni." Olúọdẹ yẹ ọgbẹ́ ẹran wò lójú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n sì gbé orí fún un. Àwọn ọmọdé tí mo kọ́ ní ìbọn yíyìn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Àjàgbé ru orí ẹfọ̀n yẹn wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á. Orí ẹran kò tó nǹkan tí ó yẹ kí ó wà láàárín ọmọ ìyá." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo wúkọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn. Orí ẹfọ̀n náà wà níbẹ̀ títí eèrà fi kó o tán, ìwo rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ẹ ń rí lẹ́bàá ògiri yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a yodì. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ jí ire?" Èmi yóò sì wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ, kúkúrú, tí kò ní àánú nínú. Bí a bá jọ jókòó lójúde ìyá wa, tí kò sì jìnnà sí mi ju gígùn apá lọ, n óò ní, "Ìyá mi, ẹ sọ fún ẹni yẹn kí ó sún ìjókòó rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà." Ìyá wa, pẹ̀lú ìka wọn tí aró ti sọ di dúdú, yóò yíjú sí i, wọ́n á ní, "Àjàgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o sún." Lọ́jọ́ kan ni ó sú wọn, wọ́n ní, "Ẹ ti sọ ẹnu mi di afárá tí ẹ̀yin méjèèjì ń gbà kọjá, afárá náà sì ti ń jẹrà." Mo wúkọ́ fún ìyá mi náà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí tí n kò fi ọkàn sí. Ní ọdún kìíní, ìkíni Àjàgbé a máa dún dé ẹ̀yìn ọgbà. Ní ọdún kejì, ó dín kù débi pé n óò gbé etí sí ilẹ̀kùn kí n tó gbọ́, kì í ṣe nítorí ìfẹ́, kí n lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí n wúkọ́ ni. Ní ọdún kẹta, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Ìjálá kò sí mọ́. Mo rò pé èébú ni ó ń fi ètè bú mi, mo sì wú ikọ́ mi kíkan-kíkan sí i. Ìwà òmùgọ̀ a máa mú ènìyàn gbọ́n lójú ara rẹ̀ nìkan.

Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ikọ́ mi lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí ó wá. Inú bí mi pé kò wá kí mi! Ọjọ́ kejì kò wá, ọjọ́ kẹta kò wá. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá wa wọlé tọ̀ mí wá láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Àwọn tí ó lọ sí oko rí ipa ẹsẹ̀ Àjàgbé tí ó wọ Igbó Apohùn. Kò sí ipa ẹsẹ̀ tí ó jáde."

Mo ní, "Ìyá mi, ta ni ó ní kí ó lọ síbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ni. Ọdún mẹ́ta ni o ti ń rán an níbẹ̀. Lọ mú un wá, Ọdẹ́ṣínà. Bí o bá padà láìmú ọmọ mi wá, má kí mi mọ́, má bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Ikọ́ ni n óò máa wú fún ọ títí n óò fi kú."

Báyìí ni mo ṣe gbé ìbọn, tí mo wọ aṣọ igbó, tí mo sì pe ajá mi, Ẹ̀yìnlàárò, ni a bá mú ọ̀nà pọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo rí ipa ẹsẹ̀ Àjàgbé, ẹsẹ̀ òsì tí ó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí mo ti máa ń ṣe bí mo bá rí ipa, mo já ewé tútù, mo sì fi dí ṣaworo ajá mi lẹ́nu. N kò ro ohun kan sí i. Ọwọ́ mi ni ó ṣe é, ojú mi wà lọ́nà.

Ní ẹnu ààlà igbó náà, mo rí ẹyẹ àgbìgbò kan lórí ẹ̀ka, ó fi ìko so ẹnu ara rẹ̀ pọ̀. Bí ó ti rí mi ni ó fi èékánná tú okùn náà.

Mo ní, "Ìwọ ẹyẹ, ta ni ó dì ọ́ lẹ́nu?"

Ó ní, "Èmi fúnra mi ni. Ariwo àwọn ará ilé mi pọ̀, tèmi sì pọ̀ ju tiwọn lọ, ni mo bá wá síbí wá sinmi. Ìgbà mẹ́ta ni mo ń tú u lóòjọ́: láti jẹun, láti mu omi, àti láti sọ òtítọ́ kan. Èyí tí ó kàn ọ́ nìyí. Bí onílé ibí bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, tètè dá a lóhùn."

Mo ní, "Èmi? Mo ti dàgbà ju ẹni tí ẹyẹ ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ lọ."

Ó ní, "Mo ti sọ tèmi," ó sì tún ẹnu rẹ̀ so.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo ti gbé ẹsẹ̀ wọ inú igbó yẹn ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ sílẹ̀ lójú mi. Àwọn ẹyẹ la ẹnu, kò sí orin. Odò ń já bọ́ láti orí àpáta, kò sí ìró. Àwọ̀ ara nǹkan ń ṣá bí mo ti ń lọ: ewé kò tutù lójú mọ́, òdòdó rí bí eérú, òòrùn pàápàá wà lókè bí àwo tí a fi omi ṣan tí a kò fi ọṣẹ fọ̀. Láàárín igi àràbà méjì ni onílé ti ń dúró dè mí.

Apohùn nìyẹn. Ó ga bí àká, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n sì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀. Kò ní ẹnu lójú. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, bí ó bá ṣí ọwọ́, yóò sọ̀rọ̀, bí ó bá di ọwọ́ náà, gbogbo ohun tí ó wà nítòsí yóò dákẹ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó ní, "Ìwọ ọdẹ, ta ni o ń wá?"

Mo ní, "Ẹnì kan tí ó wọ ibí ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ẹ wò ó, orúkọ náà wá sí ẹnu mi. Ó dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo ti fi búra pé orúkọ yẹn kò ní ti ẹnu mi jáde, mo sì rí i bí ẹni pé bí mo bá pè é, orí ẹfọ̀n ti di tirẹ̀ pátápátá. Mo ní, "Ọmọ bàbá mi ni."

Apohùn ní, "Àwọn ọmọ bàbá pọ̀ nínú ilé mi. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń tẹ̀. Ṣé ìwọ kò lójú ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo wúkọ́.

Ó di ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó tún ṣí i, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní, "Bí o bá ti pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ǹ bá ti fà á lé ọ lọ́wọ́ níbí yìí, ẹ̀ bá sì ti máa lọ sílé. Òfin mi ni. Ẹni tí a bá fi ohùn wá kì í ṣe èrò ilé mi. Ṣùgbọ́n o gbé odì rẹ wá dé ẹnu ọ̀nà mi. Wọlé, kí o lọ fi ojú wá ohun tí o kọ̀ láti fi ẹnu pè." Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun mi, ó fa ohùn mi yọ bí ẹni fa ẹ̀pà tu, ó sì di ìkúùkù mọ́ ọn. Mo kígbe, n kò gbọ́ ara mi. Ó fọwọ́ kan ìbọn mi, ó gba ìró rẹ̀. Ó wo aṣọ mi, ó rí i pé ó ti ṣá kí n tó dé, ó sì rẹ́rìn-ín nínú ìkúùkù rẹ̀. Ó wo ajá mi, kò gbọ́ ohun kankan lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà gbígbó rẹ̀ nìkan ni ó gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn nínú ilé yẹn. Ènìyàn pọ̀ níbẹ̀ bí igi, gbogbo wọn rí bí eérú, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn síra wọn, ojú wọn ti ṣá débi pé imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kan èjìká ẹni kan, ó yíjú, kì í ṣe òun. Mo fọwọ́ kan ẹlòmíràn, mo fọwọ́ kan igba ènìyàn. Mo yìnbọn, èéfín jáde, kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo la ẹnu mi gbòòrò, mo pe Àjàgbé, mo pe Ọdẹ́jìnmí, mo pe é ní ọmọ Àwẹ̀ró, mo pe é títí ọrùn mi fi wú, orúkọ tí mo fi ọdún mẹ́ta há mọ́nú ń tú jáde lẹ́nu mi bí omi, kò sì ní ìró nínú! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn ní ohun tí ó fẹ́ sọ, kí ẹni tí ó fẹ́ sọ ọ́ fún wà ní ìtòsí, kí ó má sì lè sọ ọ́? Mo gbá igi ní ẹ̀ṣẹ́. Mo ju ìbọn mọ́lẹ̀. Mo bú Apohùn, mo bú àgbìgbò, mo bú Olúọdẹ àti ẹfọ̀n àti ìyá tí ó bí ẹfọ̀n, gbogbo rẹ̀ láìdún. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó kù láti bú, mo wá rí ẹni tí ó yẹ kí n ti bú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún, ẹkún náà kò dún.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀yìnlàárò ti wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Kòkòrò kan bà á létí, ó gbọn ọrùn, mo sì rí ewé tí ó ti gbẹ lẹ́nu ṣaworo rẹ̀.

Apohùn gba gbogbo ìró tí ó gbọ́. Ìró yìí ni mo ti pa kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò gbọ́ ọ, kò sì lè gba ohun tí kò gbọ́. Mo fa ewé náà yọ. Ajá mi tún gbọn ọrùn.

Wọro-wọro-wọro!

Gbogbo igbó náà yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú eérú ni ó ń wò mí, n kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ ìyá mi. Mo tú ṣaworo kúrò lọ́rùn ajá, mo gbé e sókè, mo ń mì ín, mo ń mì ín. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ́hùn-ún, ọwọ́ kan rọra sọ̀ kalẹ̀, ó di etí aṣọ mú, ó sì ṣí i sókè. Pupa! Ọ̀já pupa kan tí kò fẹ̀ ju ìka lọ, èyí tí ìyá wa fi ọwọ́ ara wọn rán, tí Apohùn kò rí nítorí pé abẹ́ ni ó wà. Èmi náà ṣí tèmi. Mo sáré, mo ṣubú, mo dìde, mo sì dì mọ́ ọn.

A di ọwọ́ ara wa mú, mo ń mì ṣaworo bí a ti ń lọ, títí a fi dé àárín igi àràbà méjì yẹn. Bí Apohùn ti gbọ́ ìró náà, ara rẹ̀ gbọ̀n, nítorí etí tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ìró láti inú ilé ara rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ìró náà sì gún un kí ó tó lè gbà á. Ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, kò sì lè fi ìkúùkù di etí. Ó ṣí ọwọ́. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí ẹ̀gà tí a lé lórí igi. Àwọn kan mú tiwọn wọ́n sá lọ sílé, àwọn tí wọ́n wá sinmi jókòó jẹ́jẹ́ wọn. Tèmi wọ inú ọ̀fun mi bí ata.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu mi jáde ni, "Àjàgbé!" Mo ní, "Àjàgbé, má bínú. Ìwọ ni o ni orí ẹfọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbọn tìrẹ ni ó kọ́kọ́ bà á."

Ó wò mí, omi lé sí ojú rẹ̀. Ó la ẹnu. Kò sí ohun kan tí ó jáde. Ó tún la ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ètè rẹ̀ ń mì bí ó ti ń mì ní ẹnu ọ̀nà mi ní gbogbo ọdún kẹta yẹn.

Mo yíjú padà pẹ̀lú ìbínú, mo ní, "Apohùn! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní ohùn rẹ̀! Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?"

Apohùn fi àtẹ́lẹwọ́ òfìfo hàn mí. Ó ní, "Ohùn wo? Ọwọ́ mi ti ṣófo. Ọkùnrin yìí kò mú ohùn kankan wá síbí. Mo na ọwọ́ sí ọ̀fun rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó dé, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ilé yín ni ó ti lò ó tán."

Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, a sì kọjú sí ilé.

Nígbà tí a dé ilé, ìyá wa fi ìkòkò aró sílẹ̀, wọ́n sáré bọ̀, wọ́n ní, "Àjàgbé, ṣé ìwọ nìyí?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣí etí aṣọ rẹ̀ sókè. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí, wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Ara rẹ̀ ni o mú wá. Ohùn rẹ̀ dà?" Wọn kò wúkọ́ fún mi, wọ́n bu oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn lójoojúmọ́ títí di ọdún tí ó kọjá, nígbà tí wọ́n kú. Wọn kò gbọ́ ohùn ọmọ wọn mọ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú wọn, ẹ̀yin náà rí Àjàgbé tí ó dúró lẹ́bàá sàréè, tí ó la ẹnu láti sun ìjálá ìkẹyìn fún ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa sì dúró, tí a dúró, tí a sì lọ sílé.

Àbẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète. Ọ̀rọ̀ balẹ̀, ó dèrò. Èrò tí mo rò ni pé kí n san án padà bí mo ti gbà á. Láti ọjọ́ tí a ti dé ni mo ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi ẹ̀gbọ́n, tí n óò ní, "Àjàgbé, ṣé o jí ire?" Ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń lọ kí ọmọdé. Ẹ rẹ́rìn-ín yín. Ọdún kẹta ń lọ, kò sí èsì, ó sì ń sú mi, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo fẹ́ gbá ilẹ̀kùn yẹn ní ẹsẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ má pa ohùn o. Ẹ pa á nítòsí aláìsàn. Ẹ pa á bí inú bá ń bí yín, nítorí ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ẹ wọ aṣọ tí kò tàn lọ sí ilé ọ̀fọ̀, kí ẹ má sì sọ gbogbo ohun tí ojú yín rí. Ṣùgbọ́n ewé ni kí ẹ fi dí ṣaworo, ẹ má fi òkúta dí i, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Bí a bá ń jà, bí i ti ká kú kọ́. Ẹni tí ó bá ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ yodì nínú yín, mo rí ọ níbẹ̀ tí o ń wo ilẹ̀, bí o bá ti kúrò níbí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kí o gbà.

Nísinsìnyí, ohun tí mo ní n óò sọ nìyí. Ní àárọ̀ òní, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn, mo ní, "Àjàgbé, ṣé o jí ire?" Mo dúró díẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, mo sì ti ń yí ẹ̀yìn padà nígbà tí mo gbọ́ ọ láti inú yàrá.

Ó wúkọ́.

Ikọ́ gbígbẹ ni, kúkúrú, tí kò ní àánú nínú, irú tèmi gan-an, bí ẹni pé ó ti fi pamọ́ dè mí. Kò sí ìjálá tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Nítorí náà ni mo ṣe pè yín, nítorí náà náà ni mo ṣe ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ fún ẹni tí ó ń gún nǹkan kí ó ní sùúrù títí di ọ̀sán. Bí ó bá tún wú u, mo fẹ́ gbọ́.